Sùtánà Tí Kò Tíì Gbẹ

Iṣẹ́ tí Dárasími ń ṣe ni láti yọ yùréníọ́mù kúrò nínú pàǹtí átọ́míìkì tí wọ́n ti pò mọ́ sìmẹ́ńtì, tó sì ti le bí òkúta.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bá ìyá rẹ̀ nínú fúláàtì wọn ní Barking Riverside nílùú òyìnbó, tó gbé sùtánà Bàbá lé itan. Nígbà tí Bàbá ń lọ sí Ìjẹ̀bú, aṣọ náà kò tíì gbẹ. Ìyá ní kó fi í sílẹ̀, ṣebí kò ní pẹ́ dé. Ibẹ̀ ló kú sí. Àwọn àbúrò rẹ̀, tí kì í ṣe Aládùúrà tó máa ń fi sùtánà sin òkú wọn, wọ agbádá fún un, wọ́n sin ín, wọ́n sì da sìmẹ́ńtì lé e lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé yóò sá jáde.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ nǹkan nínú sìmẹ́ńtì,” ni ìyá wí, “báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

“A máa ń lọ̀ ọ́ kúnná ni, Màámi, ká tó rẹ ẹ́ sínú ásíìdì.”

“Ṣé bí ohun inú rẹ̀ ṣe wọlé náà ló máa ń jáde?”

Dárasími ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó wolẹ̀.

“Rárá, mà. Lẹ́búlẹ́bú ló máa ń jáde.”

Ìyá ká sùtánà náà kúrò lórí itan.

“Jẹ́ kí bàbá rẹ máa sinmi.”

Ó dìde, ó fi sùtánà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wá fọwọ́ tẹ ọrùn aṣọ náà wò bóyá ó ti gbẹ.