Aláàwẹ̀ Inú Gbọ̀ngàn Ìdánwò

...wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Mo lè dúró. Kí ló dé tí mi ò ní lè dúró? Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò nínú gbọ̀ngàn yìí, mi ò jáde rí kí aago tó lù. Àwọn tíṣà tó kù a máa yọ́ jáde, wọn a ní àwọn ń lọ gba atẹ́gùn sára. Èmi kọ́. Tí mo bá ti wọlé, mo wọlé nìyẹn. Ìtọ̀ yìí náà á gbọ́. Ó gbọ́ lánàá, ó gbọ́ níjẹta...

Kí n rìn díẹ̀. Tí mo bá ń rìn, ó máa ń fúyẹ́. Láti ojú fèrèsé dé ibi pátákó, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kí n yí padà. Àwọn ọmọ ń kọ̀wé, wọn ò gbójú sókè, bàtà mi nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀: "Bàbá yẹn kì í jókòó o. Ojú ẹ̀ tó mẹ́wàá." Orí mi wú. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní dùn mọ́ nínú? Kí ni kí n wá sọ fún wọn? Pé tí mo bá jókòó, nǹkan kan máa ń tẹ̀ mí nísàlẹ̀ ikùn? Ìyẹn kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń sọ sétí ọmọ.

Ahọ́n mi gbẹ. Láti ọ̀sán àná ni omi ò ti kan ẹnu mi. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn tí ìdánwò bá dé. Èyí tí kò bá wọlé, kò ní jáde. Ọgbọ́n ni. Èmi ni mo ronú kàn án, láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn... Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé omi tútù fún mi ní yàrá àwọn tíṣà tí mo ní rárá, tí obìnrin tó ń bá ọ̀gá wa tẹ̀wé sì pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ń gbààwẹ̀ fáwọn ọmọ ni." Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Mo kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo iléèwé ti ń pè mí ní Aláàwẹ̀. Ìyá ọmọ kan wá kúnlẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì: "Ẹ kú ààwẹ̀ àwọn ọmọ wa, sà. Ẹ máa jèrè ẹ̀." Ṣé kí n wá sọ fún obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ pé nítorí ìtọ̀ ni? Èsì ìdánwò ọdún yẹn sì dára. Ó dára ju ti ọdún mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, tí kì í bá ṣe ààwẹ̀... ààwẹ̀ náà ṣáà ni.

Nílé náà, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó mi á yíra padà: "Ẹ kú àdúrà o, bàbá." Àdúrà. Ni mo bá kúkú ń kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí mo bá ti ilé ìtọ̀ dé, kó má baà di irọ́. Ó ti ròyìn mi kárí gbogbo àna mi. Mo sì ń gbàdúrà lóòótọ́. Àdúrà kan náà ni, pé tí mo bá tọ̀, kí ó tán.

Kì í tán. Ó ń kán tó, ó ń kán tó, mo dúró tì í bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní bọ̀...

Pátákó. Kí n yí padà.

Ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan wá bá àwa ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní iléèwé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo ká apá mọ́yà. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, pírósítéètì ni wọ́n ń pè é, ó máa ń wú tí ọjọ́ orí bá ń lọ. "Kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ lemọ́lemọ́ ni jẹjẹrẹ o. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́." Ó ní ká máa jẹ ẹ̀fọ́. Mò ń jẹ ẹ́. Ká dín ọ̀rá kù. Mo ti dín in kù. Ká máa rìn. Ta ló ń rìn tó mi? Ká má fòùngbẹ pa ara wa nítorí ìtọ̀... èyí ni mo fò. Mo fún ara mi ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n máa gbà lápá yín, kò pẹ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí jẹjẹrẹ yìí ti ṣe rí, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń yọ yín lẹ́nu." Ìbéèrè yẹn, mi ò dáhùn. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí pé nínú ilé tiwa, ọkùnrin kì í ṣàìsàn. Bàbá wa ò dùbúlẹ̀ àìsàn rí. Ẹ̀yìn ló kàn ń dùn ún, iṣẹ́ ló sì fà á, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n kà níbi ìsìnkú rẹ̀: "Ọkùnrin tí àìsàn kò dá gúnlẹ̀ rí." Àwọn ènìyàn sunkún, wọ́n ní mo mọ̀wé kọ. Mo ṣì ní in nílé, mo fi gíláàsì bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá...

Káfíńtà ni. Ilẹ̀kùn méjì ló máa ń gbé léjìká lẹ́ẹ̀kan náà, á tún máa súfèé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, kò lè dá ife omi gbé mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a dì í mú. Inú bí mi. Ká sọ tòótọ́, inú rẹ̀ ló bí mi, bí ẹni pé ó dójú ti agboolé. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Jẹjẹrẹ yìí ti wọ egungun kí n tó lọ ṣàyẹ̀wò, àbúrò mi. Nọ́ọ̀sì ni mò ń tijú." Ó wá ní, "Ẹ̀yìn tó pa bàbá wa yẹn, ẹ̀yìn kọ́ o. Lọ ṣe àyẹ̀wò. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n."

Mo lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò lọ. Mo rí dókítà, ó kọ ìwé àyẹ̀wò fún mi. "Ẹ lọ lọ́la, sà." Ọ̀la yẹn ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé náà nìyí nínú àpò àyà mi, mo ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Òdìkejì títì ni ilé àyẹ̀wò wà, mò ń rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé yìí, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé òní ni, pé tí ìdánwò bá ti parí ní aago méjìlá, ọ̀hún ni mo kọrí sí. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ní ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ìdánwò ọ̀sán ò lè wá mọ́, ta ló máa...? Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọwọ́ mi ti wà lókè. "Ẹ ṣé, Aláàwẹ̀ wa. Tí ẹ ò bá sí, ta là bá ní?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú.

Aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́rin.

Mo mọ aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé àyẹ̀wò nígbà tí mo na ọwọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

...Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní ìlà kẹta. Ó fẹ́ jáde. Kò wolẹ̀, kò fi ọwọ́ bojú. Tíṣà ìṣirò tó wà lẹ́yìn ló tẹ̀ lé e, bí òfin ṣe wí. Ó wá ku èmi nìkan. Ó ń gún mi báyìí, ó ń gún mi gan-an, kódà tí mo bá fẹ́ lọ báyìí, mi ò lè fi gbọ̀ngàn sílẹ̀. Kí n di etí tábìlì mú... kí n ṣe bí ẹni ń ka iye ìwé. Kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ti dé. Ó jókòó, ó gbé bírò, ó ń kọ ọ́ lọ. Ènìyàn igba ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí, kò sẹ́ni tó wò ó. Ó tọ̀, ó dé, ó parí.

Ta ni èmi wá rò pé ó ń wò mí?

Ẹ̀gbọ́n mi ò dójú ti ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó lè gbé ilẹ̀kùn méjì gbé ìtìjú ara rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè yè. Bó ṣe tó ọkùnrin tó nìyẹn. Òun ló yẹ kí orí mi máa wú sí, láti oṣù méjì yìí. Orí mi ń wú sí i báyìí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wú.

Mò ń rìn lọ sẹ́yìn. Tíṣà ìṣirò ti nàró, ó rò pé mo rí ẹni tó ń jí ìwé wò ni. Rárá o. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó bá mi dúró, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Lẹ́yìn náà kó bá mi wá ẹlòmíràn fún ti ọ̀sán, torí ilé àyẹ̀wò ni mò ń lọ. Ẹnu mi wúwo. Mò ń rìn bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní olójú mẹ́wàá, tí wọ́n ti ń pè mí ní Aláàwẹ̀, ìkankan nínú rẹ̀ kì í ṣe èmi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí àìsàn mi kú iṣẹ́, èmi ni mo sì ń bá a dáhùn pé ẹ ṣé.