Kọ̀ǹpútà Tó Fúyẹ́ Jù

Aránṣọ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun wọlé, ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí bọ́ bàtà. Ìyá rẹ̀ gbé e wò lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja, ó yọ ṣùtì.

"Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n ti kó ìfun ẹ̀ jáde."

"Màmá, torí pé kò wúwo ni mo ṣe rà á."

Ó ṣí i lé ìyá lórí itan, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọ-ọmọ ìyá tó wà lọ́nà jíjìn bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. "Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ o."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, aránṣọ nawọ́ sí kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Ìyá fọwọ́ méjèèjì bò ó. "Fi sílẹ̀ ńbẹ̀. Ṣebí o ní kò wúwo."