Ìgbafẹ́ Ìyá Alágbàfọ̀

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín de bẹ́líìtì yẹn dáadáa,” ni Ọ̀gá wí. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti na ọwọ́ kọjá àyà ìyá rẹ̀, ó ti fa bẹ́líìtì náà, ó ti kì í bọ ihò rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró.

“Ṣé o fẹ́ dè mí bí ẹrù ni?”

“Òfin ọkọ̀ ni, Màmá. Ẹ sáà máa gbádùn ara yín. Lónìí, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Ọ̀gá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin náà. Òun ni àkọ́bí, kékeré ló sì ti ń ṣètò gbogbo ilé: ẹni tí yóò kọ́kọ́ wẹ̀, ẹni tí yóò jókòó síbí, ẹni tí kò gbọdọ̀ sunkún. Bí èèyàn bá ní orúkọ yẹn láti kékeré, ó di dandan kó dàgbà bá a. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Jẹ́jẹ́, wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lórí itan rẹ̀. Òun náà jẹ́ orúkọ tirẹ̀ dáadáa. Kì í yára sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí kò lè fara mọ́ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ló wà nínú bọ́ọ̀sì kékeré náà pẹ̀lú dírẹ́bà tó ń wà wọ́n. Ọ̀gá ló háyà rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan: ààfin mẹ́ta tí àwọn ọba àtijọ́ gbé, lẹ́yìn náà ọ̀nà etí òkun, kí wọ́n tó darí sílé. Àjèjì kankan kò ní bá wọn wọ̀ ọ́.

Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìfọṣọ, tábìlì gígùn tó ń lọṣọ lórí rẹ̀, àti irin gbọọrọ tí aṣọ oníbàárà máa ń so rọ̀ sí. Owó aṣọ fífọ̀ ló fi kọ́ ilé náà, òun náà ló fi tọ́ ọmọ méjèèjì lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ Ọ̀gá àti ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń dá wọn lóhùn pé ilé òun kò tíì lé òun. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá ní òun fẹ́ gbé e jáde lọ gbafẹ́, tí kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé rárá, inú ìyá dùn. Ó rò pé wọ́n ti gba kámú. Ó wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù, ó ti ilé, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Ààfin àkọ́kọ́ tóbi débi pé ojú kò lè kó o tán. Wọ́n fi okùn pupa dí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, èèyàn á dúró síta, á wá máa na ọrùn bí ẹni tó ń wo inú ilé onílé. Nígbà tí wọ́n dé yàrá olorì kan, dírẹ́bà, tó tún ń ṣàlàyé nǹkan fún wọn, sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú olorì yẹn wọlé, kò fẹsẹ̀ kan ìta mọ́ títí ó fi kú.

“Ṣé àìsàn ló ṣe é ni?” Ìyá béèrè.

“Rárá o, Màmá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Wọn ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.”

Ìyá wo bẹ́ẹ̀dì ńlá náà àti aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ lé e. “Ó dáa. Ta wá ni ó ń fọ gbogbo eléyìí fún un?”

Dírẹ́bà kò mọ̀. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò mìíràn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fóònù létí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyá kò lè sọ. “Àwọn ará ibi iṣẹ́ ni,” ni Ọ̀gá sọ nígbà tó padà dé, ó sì di apá ìyá rẹ̀ mú bí ẹni tó di ọmọdé mú lójú títì.

Nígbà tí wọ́n dé ààfin kejì, Jẹ́jẹ́ àti dírẹ́bà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ní òun fẹ́ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lé ìyá lẹ́sẹ̀ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ńṣì. Inú báàgì yẹn ni fóònù ìyá wà. Láti òwúrọ̀ ni Ọ̀gá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó má baà jábọ́. Kò pẹ́ tí fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Màmá, ẹ kú ìrìn o.” Oníbàtà ni, ẹni tó ń tún bàtà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn. “Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Ká ti jọ wà ládùúgbò láti ọjọ́ yìí wá, kí ẹ wá máa kó lọ láìdágbére?”

“Kó lọ síbo?”

“Lọ́rì ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín níbí. Wọ́n ti kó àga, wọ́n ti tú bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ilé ọmọ yín ni wọ́n ń kó o lọ. Mo rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ni mo bá ní ẹ̀yin lẹ fún wọn.”

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fún un. Ó fẹ́ pariwo pé kí Oníbàtà dá wọn dúró, pé olè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun kò mọ̀ sí i, kí ló ń sọ? Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ọmọ tí òun fi ọwọ́ inú ọṣẹ tọ́ ló fi ìgbafẹ́ tan òun jáde, bí ẹni fi àgbàdo tan adìyẹ. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

“Má bínú, Oníbàtà,” ni ó wí. “Mo ní kí ẹrù ṣáájú ni. Màá wá dágbére.”

Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe pa á tán ló rí i pé òun ti bá wọn fọwọ́ sí i. Ta ló tún máa gbàgbọ́ bí òun bá ní òun kò mọ̀?

“Ẹ ṣeun, Màmá. Àwọn aṣọ oníbàárà ńkọ́? Wọ́n ti ń kó ìyẹn náà sínú lọ́rì.”

Lórí ìyẹn, ìyá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Sọ fún wọn kí wọ́n kó o sọ̀kalẹ̀. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Kó gbogbo rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, kí ẹni tó bá wá lè bá aṣọ rẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́. Àwọn nǹkan tó kù wá ńkọ́?”

Ọ̀gá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá pa fóònù, ó sì jù ú padà sínú báàgì. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Òun kọ́ ló máa bá wọn wá ọ̀rọ̀ inú wọn jáde.

“Ó ti rẹ̀ mí,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Háà, Màmá, òkun ṣì wà níwájú, òun ló dùn jù. Ẹ mu omi díẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ ń ro mí.”

Oògùn ẹsẹ̀ wà nínú báàgì. Ìyá ní orí ń fọ́ òun. Oògùn orí wà nínú báàgì. Ó ní oòrùn mú jù. Ọ̀gá yọ agbòòrùn jáde. Ká ní ìyá sọ pé òun fẹ́ kú ni, ó dà bíi pé nǹkan kan ì bá wà nínú báàgì yẹn fún ìyẹn náà. Jẹ́jẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí ààfin kẹta, ìyá yára ṣáájú àwọn ọmọ dé ìdí ọkọ̀. “Ọmọ mi,” ni ó sọ fún dírẹ́bà, “jọ̀ọ́, gbé mi lọ sílé.”

“Màmá, ẹ má bínú. Àǹtí ló háyà mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá yín padà kó tó di ìrọ̀lẹ́.” Bó ti wí i tán, ó rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti pa ẹnu mọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un láìwo ojú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà etí òkun tóóró. Òkè gíga wà lọ́tùn-ún, òkun wà lósì, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ti lè yí padà. Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ni wọ́n ti ń ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bẹ́líìtì ká a mọ́, Ọ̀gá sì jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí. Ibi tí wọ́n ti ń tú ilé rẹ̀ palẹ̀ rèé, òun rèé lórí ìjókòó rírọ̀, wọ́n ń fi òkun hàn án.

“Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ bá mi sọ?” ni ó béèrè.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wo inú apẹ̀rẹ̀.

“Ẹ wo bí omi ṣe ń dán, Màmá,” ni Ọ̀gá wí.

Wọ́n dúró níbi kan tí wọ́n to bẹ́ńṣì sí fún àwọn tó fẹ́ wo òkun. Ọ̀gá ní kí ìyá bọ́ síwájú kí òun ya fọ́tò rẹ̀. “Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Màmá.” Ìyá la ẹnu, eyín rẹ̀ hàn, bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹ̀rín kọ́ ni, ẹni tó bá rí fọ́tò náà ló máa sọ. Lẹ́yìn náà ni dírẹ́bà tún ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ìyá kò lọ síbẹ̀. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

“Màmá, ó ti yá.”

“Mi ò wọ ọkọ̀ yẹn.”

“Kí ló dé?”

“Ṣé lọ́rì ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi?”

Dírẹ́bà rọra yí padà, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ níwájú ìyá rẹ̀. “Mo ní ká sọ fún yín, Màmá. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n.”

“O sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O ò sọ fún mi.”

“A ò fẹ́ kó dùn yín ni,” ni Ọ̀gá wí. “Bí ẹ bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó o, ẹ máa sunkún.”

“Kí ló burú bí mo bá sunkún nínú ilé mi?”

“Bí mo bá bi yín, ẹ máa ní rárá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Màá ní rárá. Ṣebí nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bi èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá ti tò kalẹ̀ láti ilé kò wúlò mọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ọjọ́ tí ẹ ṣubú ńkọ́? Ilẹ̀ lẹ wà títí ilẹ̀ fi mọ́, Oníbàtà ló gbọ́ ohùn yín. Mo pè yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá. Ẹ ò gbé e. Mo ní bóyá ẹ ti sùn. Èmi náà bá lọ sùn. Mo sùn dáadáa, mo tún lálàá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun gidi sùn mọ́.”

Ìyá kò mọ èyí. Ó mọ̀ pé òun ṣubú. Kò mọ̀ pé fóònù dún. Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń ṣọ̀gá láti kékeré, ó rí i bó ṣe rù. Àánú rẹ̀ ṣe é. Inú sì ń bí i síbẹ̀; ọ̀kan kò lé èkejì lọ.

“O ò sọ ọ́ fún mi rí,” ni ó wí.

“Kí ni mo fẹ́ sọ?”

“Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Pe àwọn onílọ́rì, kí wọ́n dá ẹrù mi padà.”

Ọ̀gá pè wọ́n. Ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì gbé fóònù kúrò létí. “Wọ́n ti já a sílé mi, Màmá. Wọ́n ní ó di ọ̀la kí àwọn tó lè padà wá.”

“Ọ̀la dáa. Ẹ gbé mi lọ sílé mi.”

“Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Kò sí àga. Ilẹ̀ lásán ló kù.”

“Mo ti sùn lórí ilẹ̀ yẹn rí. Kò pa mí.” Ó dìde. “Bóyá màá wá bá ọ gbé, bóyá mi ò ní wá, a máa sọ ọ́. Ilé mi la ti máa sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó. Mo sì lè ní rárá.”

Wọ́n wọ ọkọ̀. Dírẹ́bà tan ọkọ̀, ó sì bojú wo Ọ̀gá bó ti máa ń ṣe. “Àǹtí, ibo là ń lọ?”

Ọ̀gá wo ìyá rẹ̀. “Ẹ bi Màmá.”

Ìyá sọ ọ̀nà ilé rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n jáde kúrò ní ọ̀nà tóóró yẹn, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá mú fóònù láti pe ọkọ rẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀ láìpè é.

“Màmá,” ni ó wí, “ṣé mo lè wá sùn lọ́dọ̀ yín lálẹ́ òní?”

Ìyá kò yíjú sí i. Ó ń wo ojú títì. Ọ̀gá ń dúró de ìdáhùn.

“Màá rò ó wò,” ni ìyá wí.