Ọkọ̀ Tó Ga Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Ìyá aránṣọ kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni téèpù ti wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí màmá àwọn bá fẹ́ bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi táyà ńlá sí ọkọ̀ baálé rẹ̀ fi dùn ún wọ eegun.

Káfíńtà ni baálé rẹ̀. Ó já bọ́ láti orí òrùlé ilé onílé, orúnkún rẹ̀ sì fọ́. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní:

"Ọkọ̀ mi ni kó o fi wá gbé mi o. Má jẹ́ n bá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sílé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni họ ọ́ lára."

Ìyàwó ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà jí padà fún mi."

Ọkọ̀ náà, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, èyí tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn síwájú, tí ìjókòó iwájú rẹ̀ jẹ́ gbọọrọ kan ṣoṣo bí bẹ́ǹṣì. Ìjókòó yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ baba láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, kò ṣe é ká. Nínú gbogbo ọkọ̀ àdúgbò, inú píkọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló ti lè na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà lórí ibùsùn.

Àmọ́ òjò ò jẹ́. Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí afárá ti di adágún omi. Ọkọ̀ tó bá kó sínú rẹ̀, omi á mu ún dé ẹ́ńjìnnì, á dákú síbẹ̀, àwọn géńdé á sì máa fi orin tì í jáde. Àsìkò yẹn náà ni ilé ìwòsàn wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá gbé baba lọ́la, pé ẹlòmíràn ń dúró de ibùsùn.

Ẹ̀gbọ́n baba lóbìnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì wá. Obìnrin yìí sanra débi pé bó bá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á dìde láìfẹ́ dìde. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyàwó wa, gbọ́ o. Bí ọ̀la bá fi lọ tí ẹ ò rí ọ̀nà gbé àbúrò mi wálé, màá ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ọmọ mi ní òdìkejì odò níbẹ̀. Omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kó kúkú máa gbé ibẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi san."

Ọ̀rọ̀ náà gún ìyá aránṣọ lọ́kàn. Kì í ṣe pé ibẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, ó sì ti gbá yàrá, ó ti sún ibùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ọkọ rẹ̀ lè máa rí ẹni tó ń kọjá. Ilé tí kò sí ìró òòlù nínú rẹ̀ ti ń dún gbọ̀ngbọ̀n létí rẹ̀ bí àgbá òfìfo.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló wá ọgbọ́n dá. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ tà, ó rí táyà mẹ́rin pẹ̀lú ríìmù wọn, èyí tí wọ́n ti lò lára ọkọ̀ agbégẹdú. Táyà náà tóbi bí ìlẹ̀kùn àká. Ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ti píkọ́ọ̀pù mu rẹ́gí. Ọkùnrin náà bá a wálé, ó gba táyà kékeré ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tú kúrò fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí òjò, inú ahéré iṣẹ́ baba ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ yàrá tí ìyá aránṣọ ti ń ránṣọ. Fọ́kanáísà àdúgbò ló bá wọn ṣe é, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Atẹ́gùn. Ó tẹ́ pátákó sábẹ́ jáàkì kí ilẹ̀ má baà gbé e mì. Ó fi àkísà we òòlù, ó rọra ń lu etí irin tó bo táyà kó lè yà fún táyà ńlá, kí ọ̀dà má sì fọ́. Ìyá aránṣọ wọn táyà, ó wọn ààyè rẹ̀, ó ní, "Ó kù díẹ̀ ní apá ọ̀tún," ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí i sósì, tí wọ́n yí i sọ́tùn-ún, táyà ò ha irin rárá. Ọ̀gá Atẹ́gùn ki nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, ó nu ọwọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ọkọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe rí bí ìyá arúgbó tó wọ bàtà ọmọge!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọlé sọ́kọ̀, ó ṣíná, ó ń fi ẹ̀yìn jáde. Ìdí ọkọ̀ jáde. Ó ku orí.

"Dúró!" Ìyá aránṣọ lọgun, ó fọwọ́ lórí. "Dúró, mo ní kó o dúró!"

Òrùlé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọn táyà, wọ́n wọn irin. Kò sẹ́ni tó wọn ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ ti ga ju ilé rẹ̀ lọ.

Ìyá aránṣọ na téèpù. Ìka méjì ló fi jù ú lọ.

"Ẹ jẹ́ ká gé igi òkè yìí," ni ọmọ wí.

"Gé e! Bó o bá ti gé e tán, gbogbo maṣíìnì mi á wá jókòó sórí itan ẹ. Ṣé kì í ṣe igi yẹn ló gbé yàrá mi dúró?"

"Táyà ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tó ti bá ọlọ́jà lọ?"

Ojú ọ̀run tún ń ṣú. Bí òjò yẹn bá rọ̀, omi afárá á ga ju táyà agbégẹdú pàápàá lọ. Ọ̀gá Atẹ́gùn ní kí wọ́n fara balẹ̀, ó lóṣòó, ó ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ nínú táyà, ó ń ṣe ṣìììì. Ọkọ̀ rọra ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró.

"Màmá, mi ò lè tú ju báyìí lọ. Táyà àlòkù ni. Bí ríìmù bá jókòó lé e, á gé e."

Ó ṣì ku ìka kan.

"Ẹrù ló yẹ ká kó sí i," ni ọmọ wí. Ó ké sí àwọn ará ilé, gbogbo wọn gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ayálégbé, alágbàfọ̀, àti ìyàwó alágbàfọ̀. Ìdí ọkọ̀ rì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ gbé sókè bí ẹṣin tó fẹ́ nàró. Díẹ̀ ló kù kó họ.

"Ẹ sọ̀! Ẹ tètè sọ̀! Ohun tá à ń wá kọ́ nìyẹn!" ni ìyá aránṣọ ké.

Ó ti rẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà yẹn. Ó ti wọ inú ahéré lọ bá bẹ́ǹṣì tí baba máa ń jókòó lé, ó sì fi ara rẹ̀ lélẹ̀ sí ìkángun rẹ̀. Ọ̀gá Atẹ́gùn tó wà ní ìkángun kejì gòkè fìrì.

"Háà, Ìyá, ẹ rọra o!"

Ìyá aránṣọ wo bẹ́ǹṣì. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ó tún wo bẹ́ǹṣì. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Lónìí ni ara mi wá wúlò? Ìwọ yìí náà lo so téèpù méjì pọ̀ láti wọ̀n mí lójú àwọn oníbàárà ẹ, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. O rò pé mo ti gbàgbé?"

Ojú ti ìyá aránṣọ. Kò mọ̀ pé ó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Ẹ bá mi mú un wálé."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀. Ó dìde, Ọ̀gá Atẹ́gùn sì já bọ́ sílẹ̀ gbì.

"Lọ kó tìmùtìmù wá, kí ọ̀dà àbúrò mi má baà họ. Ìwọ náà á sì gòkè wá. Mi ò ní dá nìkan ṣe ẹrù."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí wọn lórí tìmùtìmù, ọwọ́ wọn nínú ara wọn. Orí ọkọ̀ tẹ̀ wẹ̀rẹ̀. Ìyá aránṣọ di ojú pọ̀, kò fẹ́ rí i. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń gbọ́ Ọ̀gá Atẹ́gùn tó ń pariwo pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀, rọra, rọra," lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí àwọn ará ilé hó yèè.

Òrùlé ti kọjá. Àtẹ́rígbà àti ọkọ̀, ọ̀kan ò kan èkejì.

Wọ́n ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Ó tẹrí ba lábẹ́ igi, ó bá ọkọ̀ jáde bí ìyá ọba. Ìyá aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ táyà padà, wọ́n lọ. Omi afárá dé ìdajì táyà, kò dé ẹ́ńjìnnì. Àwọn géńdé tó ń dúró de ọkọ̀ tí wọ́n máa tì kàn ń wò wọ́n ni. Ní ilé ìwòsàn, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ga. Ọkọ̀ tó ti ga yìí wá bá a dọ́gba, wọ́n kàn rọra fa baba wọ inú ọkọ̀ láìgbé e sókè. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìjókòó gbọọrọ, ó mí. Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó wo iwájú gíláàsì.

"Kí ló tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi wọlé báyẹn?"

Ibi tó tẹ̀ náà ò jìn, ó kàn rọ̀ bí ibi tí ènìyàn sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì ni.

"Èmi ni," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Èmi àti ìyàwó ẹ. Tèmi ni èyí tó tóbi."

Baba kọ́kọ́ ranjú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ìyá aránṣọ ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tó ti já bọ́. Ọmọ ní lọ́la ni òun á pe ẹni tó máa nà án padà.

"Ta ló rán ẹ?" ni baba wí. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ìyá aránṣọ tú téèpù kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú àpò. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì náà, kó má baà mì lórí gegele ọ̀nà, ó sì ní kí ọmọ máa wa ọkọ̀ lọ sílé.