Orúkọ Orí Ìdérí

Àpótí ìlẹ̀kẹ̀ ni iṣẹ́ ìdílé Ògúnsanwó, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Agbonou. Igi apá ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ìṣó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ewé ìpín ni wọ́n sì fi ń dán an títí ọwọ́ á fi máa yọ̀ lára rẹ̀. Orúkọ obìnrin tó ni ín á wà lórí ìdérí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló ni ohun inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ogún ni ìyẹn ti parí láti Agbonou dé Elavagnon. Wọ́n á pe Ògúnsanwó, á wo ìdérí, á ní, "Ohun tí ọ̀bẹ mi bá kọ, ẹnu kankan kò lè pa á rẹ́." Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ju oúnjẹ lọ.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn àpótí náà, bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ìyàwó Ògúnsanwó kú, iyùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ti sọ kó tó kú pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, Colette, ni kí wọ́n fún. Ògúnsanwó fá orúkọ ìyá kúrò, ó kọ ti ọmọ. Colette gbé e lọ sílé ọkọ, lọ́dọ̀ Gilbert ní Elavagnon. Ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, kò rọ́mọ bí.

Ní ọdún 1974, rádíò ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn fi orúkọ òyìnbó sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ ilẹ̀ bàbá wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni Julienne, ìyá Gilbert, gbé àpótí náà wá sí Agbonou, pẹ̀lú àkùkọ kan àti ìgò ọtí sódàbí.

"Àna mi," ó ní, "wọ́n ní ká má jẹ́ Colette mọ́. Ẹ bá wa kọ Àpọ̀kẹ́ sí i."

"Dúpẹ́ la sọ ọ́ nílé."

"Ilé tiyín nìyẹn. Àpọ̀kẹ́ la fi ń kì í nílé tiwa. Ì bá bá mi wá, ó ti lọ gbàtọ́jú ní Notsé nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ. A fẹ́ kó dé kó bá a nílẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn. Ta ló tún lè ṣe é bí kò ṣe ẹ̀yin? Gbogbo Elavagnon ló mọ̀ pé ọwọ́ yín kò lẹ́gbẹ́."

Orí Ògúnsanwó wú. Àgbàlagbà tó ń parí ìjà ogún fún gbogbo ìlú kò lè ní kí wọ́n dúró kí ọmọ òun ti Notsé dé. Ó fá Colette kúrò, ó kọ Àpọ̀kẹ́ rèǹtè-rente, ó fi ewé ìpín dán an, ó fi àdín pa á. Wọ́n kó èérún igi náà sábẹ́ ìkòkò, wọ́n fi se àkùkọ. Julienne jẹ itan méjèèjì.

Colette dé láti Notsé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bá ẹrù rẹ̀ níta. Ìyàwó tuntun ti wà nínú yàrá rẹ̀, Àpọ̀kẹ́ ni orúkọ tí ìyá tó bí i ń pè é láti kékeré. Colette ní wọ́n lè lé òun, kí wọ́n ṣáà kó iyùn ìyá òun fún òun. Julienne ní kó lọ ka ìdérí.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbárímisá, olórí àdúgbò, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ògúnsanwó.

"Ọwọ́ ta ló kọ èyí?" Bàbárímisá bi í.

"Ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí tàn mí."

"Ṣé ẹ bi ọmọ yín léèrè kí ẹ tó kọ ọ́?"

"Rárá."

"Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi sunkún níwájú yín níbí yìí pé kì í ṣe orúkọ ẹni tí ìyá òun fẹ́ kó jogún rẹ̀ ló wà lórí àpótí. Kí lẹ sọ fún un?"

Ògúnsanwó ń fi ìka tọ orúkọ orí ìdérí náà.

"Mo ní kí lẹ sọ?"

"Mo ní ohun tí ọ̀bẹ mi bá kọ, ẹnu kankan kò lè pa á rẹ́."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Bàbárímisá ní kí wọ́n gbé àpótí fún Àpọ̀kẹ́. Ọmọbìnrin náà ṣí i lójú gbogbo wọn, ó yọ iyùn tó pọ́n jù, ó fi sọ́rùn, ó ní kí Julienne bá òun so ó lẹ́yìn. Colette kò sunkún. Ó ń wo ọrùn náà títí wọ́n fi fà á lọ́wọ́ jáde.

Nígbà tí wọ́n dé Agbonou, Ògúnsanwó wọ́ ìtì igi apá kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo rẹ̀ kíákíá.

"Màá gbẹ́ òmíràn fún ọ, Dúpẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ síbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fọwọ́ tú ilẹ̀ kiri.

"Orúkọ mi tí ẹ fá kúrò ńkọ́, Bàbá? Ẹ jẹ́ kí n rí èérún rẹ̀ kó."

Ògúnsanwó wo ààrò, ó wo ọmọ rẹ̀.

"A ti fi se adìẹ fún ìyá ọkọ rẹ," ó ní.