Oògùn Tó Kù Nínú Abọ́

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní parọ́. Ẹni tó sì bí mi nínú jù ní gbogbo ìlú Pune ní Íńdíà ni Màdáámù Paranjape, olùkọ́ tó gbà mí sí yàrá ìwádìí rẹ̀ kí n lè di ọ̀mọ̀wé. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a máa ń gbé ìwé iṣẹ́ wa síwájú rẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ pé nǹkan báyìí ló fa nǹkan báyìí, á fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, á bi ọ́ pé báwo ló ṣe fà á. Lẹ́yìn náà á buwọ́ lùwé.

Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí èròjà kan nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara. Bí mo bá ti yọ èròjà yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń rákò lọ dí ojú egbò á dúró gbagidi. Mo ní mo ti rí i nìyẹn. Ìyá mi tó ń gbé ní ìlú Satara ti pín pedhe, ìpápánu onísúgà tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀, kárí àdúgbò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́ mẹ́rin tó máa sọ bóyá kí n máa bá iṣẹ́ lọ tàbí kí n kó ẹrù mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màdáámù ní kí n dá èròjà náà padà sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ká wò ó bóyá wọ́n á tún rìn. Mo fapá jánú. Mo sọ fún Ketaki, ẹ̀gbọ́n wa ní yàrá ìwádìí, pé obìnrin yìí fẹ́ dójú tì mí ni. Ketaki ní kí n yé ráhùn, kí n lọ ṣe é.

Mo ṣe é, wọn ò rìn. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó ló já sí.

Èmi àti Ketaki bá tú ìwé iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá yọ èròjà, oògùn kan wà tí à ń dà sínú abọ́ sẹ́ẹ̀lì láti pa àwọn tí èròjà náà kò kúrò nínú wọn. Tó bá ti pa wọ́n tán, ńṣe là ń fọ̀ ọ́ dànù. Èmi ò fọ̀ ọ́ dànù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń dà á sí abọ́ tí mo yọ èròjà nínú rẹ̀, tí mi ò dà á sí èkejì tí mo fi ń wé e. A fọ oògùn kúrò, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń rákò lọ. Oògùn ló dá wọn dúró, kì í ṣe ohun tí mo yọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé mẹ́ta. Mo sunkún bí ẹni pé mo ṣòfò.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, àṣìṣe yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Barve, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, tí òun àti Màdáámù kì í rẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọdún méjì wo oògùn, kí làwọn fẹ́ fi ṣe? Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi.

Màdáámù dìde. Ó gbé ìwé iṣẹ́ mi sórí tábìlì, ó ṣí i síbi tí mo kọ orúkọ oògùn náà sí, ó sì fìka kan ìsàlẹ̀ ewé.

"Ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú," ó ní. "Ó tó ọgọ́rùn-ún ọjọ́ Ajé tí mo ka oògùn yìí, tí mi ò rí i. Bí ẹ bá máa lé ẹnì kan, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ọmọ yìí rí àṣìṣe, ó lè fi í pamọ́, àmọ́ ó gbé e wá fún yín."

Ìgbìmọ̀ ní kí n jáde, wọ́n pè mí padà, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ, kí n wádìí bí oògùn náà ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màdáámù, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀ wa. Mo dúpẹ́ dúpẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Gbogbo bí mo ṣe bú obìnrin yìí lẹ́yìn tó, òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún mi níwájú ẹni tó ń wá ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Dìde jàre, Revati. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ ò mọ̀ pé o yege. Láti àná lebi ti ń pa wọ́n."

Mo lọ fún wọn lóúnjẹ. Mo ń sunkún, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omijé má bàa kán sínú abọ́.