Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Nínú Kíláàsì Bàbá Oníṣirò

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá Oníṣirò fi kọ́ àwọn ọmọ níṣirò. Á pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, á ní kí wọ́n bára wọn jiyàn títí wọ́n á fi rí ìdáhùn. Ariwo á sọ, inú ẹ̀ á máa dùn. Àwọn olùkọ́ tó ń kọjá á ní, "Ṣé ìjà ni àbí ìṣirò?"

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé yọjú síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò olùkọ́. Kò jókòó, kò béèrè nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi kọ ọ́ pé, "Kò lè kápá ọmọ," ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Bàbá lọ máa tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí.

Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi pé tí ọmọ-ọmọ ẹ̀ bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá, Bàbá á ní, "Gbé e lọ fún màmá ẹ. Èmi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá tuntun, mo ka fáìlì ẹ̀, mo sì lọ bá a láàárín ìwé eléruku.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Ó gbé ìwé ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí."

Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ kó padà sí kíláàsì, pé màá jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ohunkóhun. Ó gbà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kọ ìṣirò sójú pátákó. Ọmọbìnrin kan ké pe ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Irọ́ ni, ìdajì kọ́!" Àríyànjiyàn bẹ́. Bàbá yíjú padà, èmi ló ń wò, kì í ṣe àwọn ọmọ.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!"

Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀ mo ní, "Bàbá, àríyànjiyàn yẹn dáa gan-an. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

"Mo mọ̀," ó ní, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. "Àyà mi ló ń já."

Kò padà wá sí kíláàsì mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ẹ̀ wá.

Ní báyìí, bí mo ṣe ṣèlérí fún un yẹn la ṣe ń yẹ gbogbo olùkọ́ wò, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn sì ń dáa sí i. Mo kọ ìròyìn tiẹ̀ náà, pé olùkọ́ gidi ni, mo lọ kà á fún un nílé. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ìyàwó ẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.